Ìjì tí a kéde tí kò dé: ṣé irọ́ ni, àbí ìkìlọ̀?



Ní Ṣómólú àti Bàrígà, bí òjò bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún, ìkìlọ̀ á máa wọlé sórí fóònù àti rédíò: ìjì líle ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró lábẹ́ igi tàbí lábẹ́ pátákó ìpolówó. Àwọn tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú á yára kó pépà tó wà níta wọlé. Àwọn apẹja létí ọ̀sà ní Bàrígà á so ọkọ̀ wọn mọ́lẹ̀, owó ọjọ́ náà á sì lọ. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú tí ewé kan kò mì, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń gbọ́: "Bàbá, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tún ti parọ́ o." Bí ìkìlọ̀ mìíràn bá dé, àwọn tí yóò kà á sí á dín kù. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa babaláwo gbọ̀ngbọ̀n, nítorí iṣẹ́ tiwa náà ni kí a sọ ohun tí ojú kò tí ì rí.

Àròyé yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1859, ọdún tí wọ́n dá CMS Grammar School, tó wà ní Bàrígà báyìí, sílẹ̀ ní Èkó, ìjì fọ́ ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Royal Charter ní etíkun Wales, ènìyàn tó lé ní 400 sì bá a lọ. Àdánù yìí ló mú kí Robert FitzRoy, tó ti jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ Beagle tí Charles Darwin wọ̀ rìnrìn àjò, ṣètò pé kí ìròyìn ojú ọjọ́ máa ti etíkun wá bá òun ní London nípasẹ̀ wáyà. Ní 1861 ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìkìlọ̀ ìjì ránṣẹ́ sí àwọn èbúté, wọ́n á sì fa àmì sókè lórí òpó kí àwọn atukọ̀ lè rí i. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún náà, àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ fún gbogbo ènìyàn jáde nínú ìwé ìròyìn The Times. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 6, ni Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn ìjì kan dé bí FitzRoy ti wí. Àwọn mìíràn kò dé. Àwọn tó ni ọkọ̀ ìpẹja bínú pé ọkọ̀ àwọn dúró lásán ní èbúté. Ìwé ìròyìn tó ń tẹ àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ jáde náà fi í ṣẹ̀sín. Ní 1865, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Nígbà tí 1866 ń parí lọ, wọ́n dá ìkìlọ̀ ìjì dúró, wọ́n ní ìmọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ kò tó. Ta ló wá ní kí wọ́n dá a padà? Àwọn tó ń rin ojú òkun ni. Nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà, àmì ìjì ti padà sórí òpó. Ẹni tí owó rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ ń ka iye ọjọ́ tí ìjì kò dé. Ẹni tí ara rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ ń ro ọjọ́ kan ṣoṣo tí ó lè dé.

Ní ilẹ̀ tiwa, àwa tí a ń bọ Ọya mọ̀ pé ẹ̀fúùfù kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ènìyàn, síbẹ̀ ó ní ọ̀nà tó ń gbà. Àwọn onímọ̀ méjì, Hamilton àti Archbold, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1945 pé ìjì òjò ní Nàìjíríà a máa tò ní ìlà gígùn, a sì máa rìn láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà Bàrígà fi ń wo apá Ìkòròdú bí ojú ọ̀run bá ń ṣú. Ṣùgbọ́n ìlà náà lè já lójú ọ̀nà, agbára rẹ̀ sì lè tán kí ó tó kọjá ọ̀sà. Ó lè ṣí òrùlé ní Ìkòròdú kí aṣọ tí a sá ní Ṣómólú má tilẹ̀ gbẹ̀rì. Rédà tó ń wo òjò kò sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa bí ti Yúróòpù. NiMet, àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà tí òfin dá sílẹ̀ ní 2003, lè sọ pé ewu wà lórí Èkó. Kò rọrùn fún un láti sọ àdúgbò tí yóò kàn.

Bí ó bá sì dé ńkọ́? Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì 2012, nínú oṣù tí ọ̀pọ̀ wa kà sí ẹ̀ẹ̀rùn, ìjì jà ní Èkó: òrùlé ṣí, igi wó, ènìyàn kú. Ṣáájú èyí, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá 2006, ọkọ̀ òfurufú ADC gbéra ní Àbújá nígbà tí ojú ọjọ́ ti bàjẹ́. Ó já lulẹ̀, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 90, Muhammadu Maccido tó jẹ́ Sultan Sókótó sì wà lára wọn. Àwọn olùwádìí dá awakọ̀ lẹ́bi pé ó gbéra nínú ìjì tó ti hàn sí gbogbo ènìyàn. Sùúrù díẹ̀ ni ì bá ná an.

Òkò tí a bá rí kì í fọ́ni lójú. Ìpìlẹ̀ iṣẹ́ Ifá nìyẹn. Olúwo tí mo sìn kọ́ mi pé bí Odù bá hù tí ó fọ ibi, iṣẹ́ babaláwo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. A ó fi ìbò bèèrè: ṣé ikú ni, àrùn ni, ẹjọ́ ni, àbí òfò? Ta ló kàn? Ẹbọ wo ni yóò gbà á? Babaláwo tó bá kígbe pé "Ibi ń bọ̀!" tó sì dákẹ́, ó dẹ́rù ba ènìyàn ni, kò dáfá fún un.

Àwa babaláwo sì ní ààbò kan tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ kò ní. Bí ibi tí Ifá sọ kò bá dé, ẹlẹ́bọ á dúpẹ́ pé ẹbọ òun dà, ẹbọ òun fín. Ẹnikẹ́ni kò ní pè wá ní òpùrọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó kéde ìjì kò rú ẹbọ kankan tí yóò tọ́ka sí. Bí ìjì kò bá dé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan ló kù ní gbangba. Nítorí náà, ó yẹ kí ó padà wá jíhìn. Kí ó sọ fún ará Bàrígà pé ìjì àná dé ní tòótọ́, ibi báyìí ló ti jà, ibi báyìí ló ti rọlẹ̀. Kí ó sọ wákàtí tí ewu pọ̀ jù, kí ó sì sọ bí ó ṣe dá a lójú tó, ní èdè tí ìyá alákàrà yóò gbọ́. Dídákẹ́ lẹ́yìn ìkìlọ̀ ló ń pa ìgbẹ́kẹ̀lé ju ìjì tí kò dé lọ.

Àwa tí a ń gbọ́ náà, kí a tún ọ̀rọ̀ rò. Ọjọ́ kan tí apẹja so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹbọ ni: ó fi owó ra ẹ̀mí. Ẹbọ náà kò kéré fún ẹni tó ń jẹun láti inú iṣẹ́ ojoojúmọ́, ẹni tó bá sì ní kí ó rú u gbọ́dọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún un, nítorí ẹbọ tí a kò ṣàlàyé kì í pẹ́ sú ẹlẹ́bọ. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Kí arọ tó lè gbọ́n, ó gbọ́dọ̀ gba ẹni tó wí i gbọ́.

Kí Ọ̀rúnmìlà fi ìkìlọ̀ tòótọ́ sí ẹnu wa, kí ó sì fún wa ní etí tí yóò gbọ́ ọ. Àṣẹ.