Git àti Àkọsílẹ̀ Ìlò Rẹ̀ fún Aṣojú Ọgbọ́n Àtọwọ́dá
Git jẹ́ irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ó ń ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo àyípadà inú fáìlì, kí a lè padà sí ti àtẹ̀yìnwá bí àṣìṣe bá wáyé. Òun kọ́ ni àkọ́kọ́: Marc Rochkind ti ṣe SCCS ní Bell Labs ní ọdún 1972. Linus Torvalds ni ó bẹ̀rẹ̀ Git ní oṣù kẹrin ọdún 2005, nígbà tí àwọn tí ń kọ Linux pàdánù ẹ̀tọ́ láti lo BitKeeper lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù keje ọdún náà, ó fi àbójútó rẹ̀ lé Junio Hamano lọ́wọ́.

Ènìyàn ni a kọ́kọ́ kọ ìwé ìlò Git fún. Ohun tí ìwé kò bá sọ, ọ̀gá iṣẹ́ a sọ ọ́ fún ẹni tuntun. Aṣojú ọgbọ́n àtọwọ́dá kò ní irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ nítòsí. Àṣẹ «git reset --hard» a máa pa àyípadà tí a kò tíì fi pamọ́ sínú Git rẹ́, kò sì ní béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà ni fáìlì bí AGENTS.md, tí ìlò rẹ̀ tàn kálẹ̀ ní ọdún 2025, fi ń sọ àṣẹ tí aṣojú lè lò àti èyí tí ó gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda ènìyàn fún. Báyìí ni ìmọ̀ tí a ń fi ẹnu kọ́ni tẹ́lẹ̀ ṣe di òfin tí a kọ sílẹ̀.