Àwọn Tó Gba Àlejò Sùn: Ọ̀nà Ẹsẹ̀ Láti Adó-Èkìtì sí Òkè-Oòyè Ní 1930

Ní oṣù keje ọdún 1930, ìròyìn kan tàn ká ilẹ̀ Yorùbá bí iná inú ọyẹ́: wòlíì kan wà ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, tí ń fi àdúrà àti omi wo aláìsàn sàn. Joseph Ayọ̀ Babalọlá ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Odò-Ọwá, ẹni ọdún 26. Ẹ̀rọ tí ń tẹ ojú títì ni ó ń wà fún ìjọba kí ó tó gbọ́ ìpè ní 1928 lẹ́bàá Ìkéjì-Arákéjì. Ìtàn wòlíì náà kò ṣàjèjì sí ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìwé tí a sì ti kọ lórí rẹ̀ kò kéré. Àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn lónìí kì í sábà sí nínú ìwé wọ̀nyẹn: àwọn ará abúlé tí àwọn arìnrìn-àjò sùn sí ilé wọn.

Ẹ wo ọ̀nà náà ná. Ẹni tó bá kúrò ní Adó-Èkìtì yóò la Ìyìn àti Ìgèdè kọjá, yóò dé Aràmọkọ, Erìò àti Ìtawùrẹ́, kí ó tó wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kí ó sì gba Ìwàràjà dé Iléṣà. Òkè àti àfonífojì ni, pàápàá láti apá Erìò lọ. Alára líle lè fi ọjọ́ méjì rìn ín. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí ń lọ sí Òkè-Oòyè kì í ṣe alára líle: afọ́jú tí ọmọ ń fi ọ̀pá fà, abiyamọ tó pọn ọmọ tí ibà ń dà láàmú, arọ tí àwọn ẹbí gbé lé èjìká. Mọ́tò ti ń ná ojú títì nígbà náà lóòótọ́, àmọ́ ọdún yẹn gan-an ni ọrọ̀-ajé àgbáyé dojú dé, tí owó kòkó sì já wálẹ̀. Ta ni yóò san owó ọkọ̀ fún gbogbo ẹbí? Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn, ilẹ̀ sì ń ṣú wọn sójú ọ̀nà.

Kì í ṣe àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ wá ibùsùn lójú ọ̀nà yìí. Nígbà ogun Kírìjì, tí àwọn ọmọ ogun kò tú ká tán títí di 1893, ẹnikẹ́ni kò jẹ́ dá rìn. Agbo ni wọ́n ń kó jọ, pẹ̀lú ẹni tó gbé ìbọn. Lẹ́yìn ogun ni àwọn òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ láwìn, bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìlú dé ìlú ní Èkìtì. Wọ́n ní bàbá onílé níbi gbogbo. Ní tèmi, ipa ẹsẹ̀ àwọn òṣómàáló wọ̀nyí ni àwọn aláìsàn tọ̀ lọ sí Iléṣà.

Àṣà náà kò le. Àlejò yóò kí baálẹ̀, wọn yóò bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀ àti ọmọ ẹni tó jẹ́. Wọn yóò fún un ní omi, wọn yóò sun iṣu, wọn yóò tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tí àlejò bá ṣe, ọrùn onílé ni.

Ṣùgbọ́n òṣómàáló kì í gbé àìsàn wọlé. Ọdún méjìlá péré ni ó kọjá lẹ́yìn lùkúlùkú ọdún 1918, àjàkálẹ̀ àrùn tó wọ ilé lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣọ̀pọ̀ná sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ìyàwó ilé tó bu omi fún ọmọ ẹlẹ́gbò mọ ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Èyí tó tún jọ mí lójú ni pé púpọ̀ nínú àwọn onílé náà ń bọ òrìṣà, àlejò wọn sì ń lọ bá ẹni tó ń ní kí wọ́n dáná sun ère àti oògùn. Wọ́n tẹ́ ẹní fún un bẹ́ẹ̀ náà.

Ó tún yà sọ́dọ̀ wọn nígbà tó ń padà bọ̀, tòun ti ìgò omi tí wòlíì gbàdúrà sí. Alẹ́ náà ni wọn yóò gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Àwa oníròyìn fẹ́ràn láti máa wí pé ìwé ìròyìn ló ń gbé ọ̀rọ̀ kiri. Iye ẹni tó mọ̀wé kà ní àárín Èkìtì nígbà náà kò tó nǹkan. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ìwé ìròyìn wọn. Ìdí nìyẹn, lójú mi, tí ilẹ̀ fi rọ̀ tẹ́lẹ̀ nígbà tí Babalọlá fúnra rẹ̀ dé Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè láìpẹ́ sí i, tí àwọn èrò wá ń rọ́ wọ Èkìtì dípò kí wọ́n máa jáde. Ẹ̀fọ̀n náà ni wọ́n sin ín sí ní 1959.

Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ní 1930 ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí. Àwọn ọmọ wọn tó gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu wọn ti di arúgbó. Ẹni tó bá ní irú wọn nílé, kí ó béèrè orúkọ onílé tí ìyá wọn sùn sí ní Aràmọkọ tàbí Erìò, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Bọ́ọ̀sì ni àwọn olùjọsìn ń wọ̀ lọ sí Ẹ̀fọ̀n báyìí, awakọ̀ wọn kì í sì í fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú òun láàárín Aràmọkọ àti Ìtawùrẹ́ nítorí àwọn ajínigbé. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, agbébọn pa ọba méjì, Onímòjò àti Elésùn, lójú ọ̀nà ní Èkìtì yìí kan náà. Bí àjèjì bá kan ilẹ̀kùn ní abúlé kan lóru òní, Àmọ̀tẹ́kùn ni onílé yóò kọ́kọ́ pè, èmi kò sì rí ohun tí a lè fi bá a wí.