Ọdún 1984 Nínú Fíìmù Les Témoins

“Àwọn Ẹlẹ́rìí” ni ìtumọ̀ Les Témoins, fíìmù tí André Téchiné gbé jáde ní 2007. Ìlú Paris ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ní 1984. Manu, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ìgbèríko, wá bá arábìnrin rẹ̀ gbé. Adrien, dókítà tó dàgbà jù ú lọ, nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Mehdi, ọlọ́pàá tó ti níyàwó, ni Manu ń fẹ́ ní bòókẹ́lẹ́. Kò pẹ́ tí àmì àìsàn fi yọ lára rẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 1984? Lóṣù kẹjọ ọdún 1982 ni òfin ilẹ̀ Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọjọ́ orí kan náà lélẹ̀ fún ìbálòpọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin àti ti ọkùnrin sí obìnrin. Ayọ̀ abara tíńtín! Ní 1983, Françoise Barré-Sinoussi, Luc Montagnier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Institut Pasteur rí kòkòrò tí a wá ń pè ní HIV. Wọ́n rí i, ṣùgbọ́n kò sí oògùn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún aráàlú pàápàá di 1985. Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé: àrùn kògbóògùn. Orúkọ yẹn ti gbó díẹ̀, nítorí láti 1996 ni àpapọ̀ oògùn ti ń kápá kòkòrò náà, ṣùgbọ́n ní 1984, bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún yẹn náà ni Michel Foucault, gbajúgbajà onímọ̀, kú ní Paris. Àrùn yìí ló pa á, ṣùgbọ́n wọn kò dárúkọ rẹ̀ fáráyé. Daniel Defert, olólùfẹ́ rẹ̀, kò jẹ́ kó parí síbẹ̀: kí ọdún tó parí, ó dá ẹgbẹ́ AIDES sílẹ̀. Ìjọba ní tirẹ̀ falẹ̀. Di 1987, òfin ṣì ka ìpolówó kọ́ńdọ̀mù léèwọ̀!

Nínú fíìmù náà, Adrien gbájú mọ́ ogun àrùn yìí. Sarah, ìyàwó Mehdi, tó jẹ́ ònkọ̀wé, ló kọ ìtàn Manu sílẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ibi tí a ti jiyàn ni ìparí rẹ̀: ẹ̀ẹ̀rùn padà dé, wọ́n tún lọ sétí òkun, Adrien sì ti ní olólùfẹ́ tuntun. Ọ̀kan nínú wa bínú pé wọ́n tètè gbàgbé. A ní kó wò ó dáadáa: ìwé Sarah ti wà nílẹ̀.