Orúkọ Wo Ni Ká Pe Àwọn Ará Abẹ́ Ìràwé?

Ewé gbígbẹ tó já bọ́, tó tẹ́ pẹrẹsẹ sábẹ́ igi, ti ní orúkọ lọ́dọ̀ wa tipẹ́: ìràwé. Ẹni tó bá wá kọ "ìdọ̀tí ewé" sípò rẹ̀ ṣi ọ̀rọ̀ lò. Ìdọ̀tí là ń gbá dànù. Inú ìràwé ni àìmọye ẹran wẹ́wẹ́ ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun.

Bí onímọ̀ bá fẹ́ kó wọn, ajọ̀ ló kọ́kọ́ ń lò. Yóò jọ ìràwé bí a ti ń jọ èlùbọ́: ewé ńlá á kù sókè, ohun ẹlẹ́mìí á bọ́ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan ohun èlò tí Antonio Berlese, ará Ítálì, gbé jáde ní 1905. Àrọ ni, bí èyí tí àwọn elépo fi ń rọ epo sígò, àmọ́ ó tóbi jù ú lọ. Wọ́n á tẹ́ wáyà olójú wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, wọ́n á da ìràwé lé e. Omi gbígbóná ni Berlese lò. Albert Tullgren, ará Súwídìn, ló fi gílóòbù iná rọ́pò rẹ̀. Bí ìràwé ṣe ń gbẹ láti òkè, àwọn ẹran náà á máa sá lọ sísàlẹ̀ níbi tó tutù, títí wọn á fi já sínú ìgò sípíríìtì. Àrọ alátùpà ni mo pe ti Tullgren. Ìyá elépo á mọ bó ṣe rí kí a tó ṣàlàyé.

Orúkọ àwọn ẹran gan-an ló gba àròjinlẹ̀. Ọ̀kan ká ohun bí ìrù tó là sí méjì sábẹ́ ikùn. Bí ewu bá dé, á tú u sílẹ̀ bí pàkúté, á sì ta sókè. Mo kọ́kọ́ kọ "afìrùfò", mo sì wọ́gi lé e, torí ẹni tó bá gbọ́ "fò" lè rò pé ó ní apá bí ẹyẹ. Títọ ló ń tọ bí ọ̀pọ̀lọ́. Afìrùtọ ni.

Òmíràn ní ẹ̀mú bí àkekèé, ṣùgbọ́n kò ní ìrù. "Àkekèé aláìlóró" dùn ún gbọ́, àmọ́ irọ́ ni: púpọ̀ nínú wọn ní oró nínú ẹ̀mú, bí kò tilẹ̀ lè ṣe ènìyàn ní nǹkan. Àkekèé aláìnírù ló bá òótọ́ mu.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin olùkọ́ àti olùtumọ̀, kí ẹ tó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ẹ gbé ajọ̀, ẹ lọ sábẹ́ igi kòkó, ẹ jọ ìràwé ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ sì fara balẹ̀ wo ohun tó ń rìn níbẹ̀.