Tom Lehrer ní San Francisco, 1965

Ọkùnrin kan, dùùrù kan, àti ẹ̀rín àwọn òǹwòran. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú àwo orin That Was the Year That Was, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú agbo ní ilé ìgbafẹ́ hungry i, ìlú San Francisco, ní oṣù Keje ọdún 1965.

Onímọ̀ ìṣirò ni Tom Lehrer, tí wọ́n bí ní 1928. Owó ara rẹ̀ ló fi ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1953, ẹ̀dà 400 péré.

Ètò tẹlifíṣọ̀n kan lórí NBC ló kọ ọ̀pọ̀ nínú orin inú àwo ti 1965 yìí fún. Ẹlòmíràn ló ń kọ wọ́n níbẹ̀, àwọn aláṣẹ a sì máa gé ọ̀rọ̀ tó bá gún wọn lára kúrò. Nítorí náà ni Lehrer ṣe gbé orin rẹ̀ tọ àwùjọ lọ fúnra rẹ̀, láìgé e. Ẹ gbọ́ èyí tó kọ nípa Wernher von Braun, ẹni tó ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì fún Hitler kí ó tó wá ṣe é fún Amẹ́ríkà. Ohùn orin náà tutù. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló ń ta bí ata. Lójú tèmi, ẹ̀rín àwọn òǹwòran níbẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí ìtàn, nítorí akọni ni ìjọba ń pe ọkùnrin náà nígbà yẹn.

Ní 2020, Lehrer yọ̀ǹda ọ̀rọ̀ orin rẹ̀ fún gbogbo ayé láìgba kọ́bọ̀. Ó kú ní oṣù Keje ọdún 2025, ní ẹni ọdún 97.