Ọpọlọ, Ìwé Kíkà àti Ẹ̀kọ́ Tí Àrò Kọ́ Olùkọ́

Bí ìwé bá ń yé ọmọ, Yorùbá a ní orí rẹ̀ pé. Bí kò bá yé e, wọn a ní ọpọlọ rẹ̀ kò jí pépé. Ìmọ̀ ìṣègùn náà so òye mọ́ ọpọlọ. Ní ọdún 1861, Paul Broca yẹ ọpọlọ aláìsàn kan wò lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Ọkùnrin náà ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n sílébù kan ṣoṣo ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọ̀. Broca rí i pé iwájú ọpọlọ rẹ̀ lápá òsì ti bàjẹ́. Ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e fi hàn pé àwọn fọ́nrán tí ó so apá kan ọpọlọ mọ́ òmíràn ṣe pàtàkì bákan náà.

Ṣé dandan ni, nígbà náà, kí ọpọlọ ti bàjẹ́ kí ìwé tó kọ̀ láti yé akẹ́kọ̀ọ́? Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní ìtàn lórí èyí. Ní ọdún 1954, Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú ní Àrò, nínú èyí tí àwọn aláìsàn ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé agbègbè náà. Raymond Prince, oníṣègùn ará Kánádà, ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún 1960, ó kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń gbóná, tí nǹkan ń rìn nínú orí wọn, tí ohun tí wọ́n kà kò sì yé wọn mọ́. Wọ́n ní àkàjù ìwé ni ó fà á. Brain fag ni orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí. Prince so ó mọ́ ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ òyìnbó tí a gbé ka àwọn ọmọ Nàìjíríà lórí.

Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó Bìrìtìkó ti ń lo orúkọ náà fún ara wọn ní sẹ́ńtúrì 19. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé atọ́nà wọn ní ọdún 1994 gẹ́gẹ́ bí àìsàn tó jẹ mọ́ àṣà. Nínú ẹ̀dà ọdún 2013, wọn kò tò ó lọ́tọ̀ mọ́.

Ní àgbálọgbábọ̀, ìnira àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí pé ọpọlọ wọn bàjẹ́. Ẹ̀rù ìdánwò, àìsùn àti ìrònú lè dí àkíyèsí àti ìrántí lọ́wọ́ láìsí egbò kankan nínú agbárí. Ẹ̀kọ́ gan-an ni ó ń mú ìsopọ̀ inú ọpọlọ lágbára sí i. Nítorí náà, kí olùkọ́ ní Owódé tàbí níbòmíràn tó pe ọmọ ní olódo, kí ó kọ́kọ́ bi í bí ó ṣe ń sùn, ohun tí ń bà á lẹ́rù àti ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀ nílé. Bí ìnira náà kò bá lọ, ilé-ìwòsàn ni ó kàn.