Ta Ló Nilẹ̀? Ìtàn Tó Wà Lẹ́yìn Ìwé Ilé Ní Èkó

Ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀ ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n mi ò ní sọ iye tí wọ́n ń ta ilẹ̀ ní Lekki tàbí Ìbẹ̀jú. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ.

Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti ra ilé ní Èkó rí á mọ̀ pé lọ́yà kì í béèrè ìwé kan ṣoṣo. Á ní kí wọ́n mú rìsíìtì ẹbí wá, ìwé survey, ìwé àdéhùn, C of O, ìfọwọ́sí gómìnà. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé wọ́n kàn fẹ́ fi gba owó lọ́wọ́ wa ni. Èmi wá wádìí ibi tí àwọn ìwé yìí ti wá. Ohun tí mo rí ni pé ìgbà kọ̀ọ̀kan nínú ìtàn Èkó ló fi òfin tirẹ̀ lé ilẹ̀ wa lórí, èyí tó dé lẹ́yìn kò sì pa èyí tó wà níwájú rẹ̀ rẹ́. Gbogbo wọn ló ṣì wà láàyè.

Kí ìwé tó dé

Láyé àtijọ́, ilẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan. Ti ẹbí ni: àwọn tó ti kú, àwọn tó wà láyé, àti àwọn tí a kò tíì bí. Ní Èkó, àwọn olóyè Ìdẹ́jọ, àwọn onífìlà funfun, ni olórí àwọn ẹbí tó nilẹ̀. Ọba ń jọba lórí ìlú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ wà lọ́wọ́ Ìdẹ́jọ. Bí àlejò bá fẹ́ ibi tí yóò dáko tàbí kọ́lé sí, olórí ẹbí ni yóò lọ bá. Wọ́n á fún un láyè, òun náà á sì máa mú ìṣákọ́lẹ̀ wá láti fi hàn pé òun mọ ẹni tó nilẹ̀. Ìwé ò sí níbẹ̀. Àwọn ẹlẹ́rìí wà, pèrègún sì wà ní ààlà.

Nígbà tí títà ilẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀, nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń wò: kí owó pé, kí ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, kí wọ́n sì mú ẹni tó rà á dé orí ilẹ̀ kí wọ́n fà á lé e lọ́wọ́. Títí di òní, bí ẹnì kan bá sọ ní kóòtù pé òun ra ilẹ̀ lọ́nà ìbílẹ̀, nǹkan mẹ́ta yìí náà ni adájọ́ máa béèrè.

Òǹtẹ̀ Dòsùnmú

Àwọn ọdún 1850 ni ìwé ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní Èkó. Àwọn Sàró ń dé láti Sierra Leone, àwọn Àgùdà ń dé láti Brazil àti Cuba, àwọn oníṣòwò òyìnbó náà ò gbẹ́yìn. Àwọn wọ̀nyí fẹ́ ohun tí wọ́n lè fi hàn. Ọba Dòsùnmú bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní ìwé, ó sì ń fi òǹtẹ̀ rẹ̀ lù ú.

Ní ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹjọ, ọdún 1861, àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú kí Dòsùnmú fọwọ́ sí àdéhùn tó gbé Èkó fún Ọbabìnrin Victoria. Ọ̀pọ̀ wa kọ́ ìyẹn ní ilé ìwé. Ohun tí wọn ò kọ́ wa ni pé ọ̀rọ̀ títà ilẹ̀ wà nínú àdéhùn náà gan-an. Ó ní bí ilẹ̀ bá ń kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, òǹtẹ̀ Dòsùnmú lórí ìwé ni ẹ̀rí pé kò sí ọmọ ìbílẹ̀ mìíràn tó lè sọ pé òun nilẹ̀ yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ó wò. Ọba tí ilẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ní kó máa jẹ́rìí pé ẹlòmíràn ò nilẹ̀. Òǹtẹ̀ kan ṣoṣo gba ipò gbogbo àwọn ẹlẹ́rìí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìwé tí wọ́n ń pè ní Crown grant. Orúkọ ẹnì kan ló sábà máa ń wà lórí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé odindi ẹbí ló ń gbé inú ilé náà. Ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè gbé e lọ bá oníṣòwò, kó fi ṣe ìdógò, kó gba ọjà àwìn. Bí ọjà bá bàjẹ́ tí gbèsè ò ṣe é san, ilé lọ nìyẹn. Nígbà tó di 1883, òfin fíforúkọ ìwé ilẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba dé sí Èkó. Ibi tí lọ́yà ti ń lọ wo ìwé ní Aláùsá lónìí, ọmọ inú òfin yẹn ni.

Olóyè Olúwa gbéra lọ sí London

Ní 1913, ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá. Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, ní kí wọ́n san owó ilẹ̀ náà. Ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti gba ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ló ní, owó ìyẹn ni wọ́n sì máa san. Àwọn kóòtù tó wà níbí gbè sẹ́yìn ìjọba.

Olóyè ò gbà. Ní 1920, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí London, Herbert Macaulay, tó jẹ́ awọnlẹ̀ fúnra rẹ̀, sì bá a lọ, ó gbé ọ̀pá àṣẹ Elékòó dání. Ní oṣù keje, ọdún 1921, Privy Council, kóòtù tó ga jù fún gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, dá a láre. Viscount Haldane ló ka ìdájọ́. Ó ní àdéhùn 1861 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, àti pé bí ẹbí ṣe ń ní ilẹ̀ papọ̀, níní gidi ni lójú òfin. Kí wọ́n sanwó fún Olúwa bí ẹni tó nilẹ̀ pátápátá.

Ìdájọ́ yẹn ni kò jẹ́ kí ẹ̀tọ́ ẹbí kú. Ó tún dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ lónìí. Láti 1959, ìlànà kóòtù ni pé bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, wọn ò tíì ta nǹkan kan. Bí olórí ẹbí bá dá tà á lórúkọ ẹbí láìsí àwọn aṣojú ìdí kọ̀ọ̀kan, àwọn tó kù lè lọ kóòtù kí wọ́n fagi lé e. Nítorí náà, bí bùrọ̀dá mẹ́ta bá jókòó sí pálọ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí rìsíìtì fún yín, ẹ béèrè pé: bàbá tàbí ìyá tó jẹ́ olórí ẹbí ńkọ́?

1978: gómìnà wọ ọ̀rọ̀ náà

Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹta, ọdún 1978, ìjọba ológun Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ gbé òfin ilẹ̀ tuntun jáde. Gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ gómìnà, kó máa dì í mú fún àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ohun tí ó kù fún èmi àti ẹ̀yin ni ẹ̀tọ́ láti gbé orí ilẹ̀ ká sì máa lò ó. Ìwé tó ń jẹ́rìí sí ẹ̀tọ́ yẹn ni C of O. Bẹ́ẹ̀ sì ni pé ẹ ò lè ta ẹ̀tọ́ náà tàbí fi ṣe ìdógò láìjẹ́ pé gómìnà fọwọ́ sí i.

Àwọn kan kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ní 1989, ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Wọ́n ti fi ilé ṣe ìdógò ní báǹkì láìgba ìfọwọ́sí gómìnà. Nígbà tí báǹkì fẹ́ ta ilé náà, Ajilo ní ìdógò yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lójú òfin. Kóòtù gbà pé òótọ́ ló sọ. Báǹkì pàdánù ìdógò rẹ̀ nítorí ìfọwọ́sí kan.

Ẹ má wá rò pé C of O parí ọ̀rọ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní 1990, kóòtù kan náà sọ nínú ẹjọ́ Ogunleye àti Oni pé C of O kì í sọ ẹni tí kò nilẹ̀ di onílẹ̀. Bí onílẹ̀ gidi bá yọjú pẹ̀lú ẹ̀rí, ìwé náà lè di asán.

Kí ló wá kàn wá?

Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò. Iṣẹ́ lọ́yà tó ń bá yín ra ilé nìyẹn: ẹ̀yìn ló ń wò. Ó ń wo ẹbí nítorí ọ̀rọ̀ tó gbé Olúwa dé London. Ó ń lọ yẹ ìwé wò ní Aláùsá nítorí òfin 1883. Ó ń gba ìfọwọ́sí gómìnà nítorí 1978. Bó bá fo ọ̀kan, ìyókù lè wó. Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, kóòtù ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè fi hàn pé òun nilẹ̀. Ìwé jẹ́ ọ̀kan péré. Ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ nípa ilẹ̀ wà níbẹ̀, bí ènìyàn ṣe ń lo ilẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́ náà sì wà níbẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Èkó tún ṣe òfin mìíràn ní 2016 nítorí àwọn ọmọ onílẹ̀: ẹni tó bá fi tipátipá gba ilẹ̀, tàbí tó ta ilẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ó dáràn. Òfin yẹn lè fìyà jẹ ẹni tó lù yín ní jìbìtì. Kó tó di pé owó jáde lọ́wọ́ yín, lọ́yà ló kù.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fi àwòrán ilẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, tó ní kí ẹ tètè sanwó kó tó tán, ẹ bi í léèrè: ẹbí wo ló nilẹ̀, ta ni olórí wọn, ṣé ìwé rẹ̀ wà ní Aláùsá, ṣé gómìnà á fọwọ́ sí i? Bí ó bá bínú, ẹ jẹ́ kó máa bínú lọ.

Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó ń tọ́jú owó ilé.